Asẹ́ Tí Ẹlòmíràn Ti Ṣe

Omi abẹ́ ilẹ̀ Ajah kò ṣeé fi fọ aṣọ funfun. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á sókè, á mọ́ gaara. Kó tó pẹ́, á pọ́n bí ìpẹtà, á sì máa rùn bí irin. Ìdí omi yìí ni Tájù ti ń jẹun. Láti Ìwó ló ti wá ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fáwọn tó ń kọ́lé sí Thomas Estate, láyé ìgbà tí wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀ Lẹ́kí, tí eruku kò jẹ́ kéèyàn ríwájú. Nígbà tó yá, kànga nìkan kò tó o mọ́. Ó fẹ́ ṣe asẹ́ kan tí yóò máa sẹ́ ìpẹtà kúrò nínú omi, tí yóò sì máa fọ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí i.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, oníbàárà rẹ̀ kan gbà á nímọ̀ràn pé kó wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá ẹlòmíràn ti gba pátẹ́ǹtì irú ẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó kọ́kọ́ hùmọ̀ nǹkan. Tájù wò ó lóòótọ́. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ asẹ́ náà, Tájù Kílíà, ló tẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó jáde. Inú rẹ̀ dùn, kò sì wò ó mọ́.

Ó pe àbúrò rẹ̀, Ishaq, kúrò nídìí ọkọ̀ tó ń wà, pé kó wá bá òun ṣe é. Wọ́n jó irin pọ̀ di àgbá, wọ́n kó yanrìn àti èédú sínú rẹ̀. Omi tó ń jáde níbẹ̀ mọ́, àmọ́ yanrìn náà kì í pẹ́ dí. Wọ́n á tú u, wọ́n á tún un tò, á tún dí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ishaq bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ibi tí omi ti ń jò. Yanrìn ti dí, ẹ̀rọ sì ń ti omi wọlé síbẹ̀. Àgbá náà bẹ́. Irin bà á lójú ọ̀tún, ojú náà sì fọ́.

Nílé ìwòsàn, Tájù sọ fún un pé ìyà rẹ̀ kò ní já sásán, pé àwọn ni yóò kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ láyé, orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò sì wà lára rẹ̀. Ishaq gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí asẹ́ náà wá ń ṣe dáadáa díẹ̀, Tájù gbé àwòrán rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì kan ní Igbó Ẹfọ̀n, níbi tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọlábùnmí ti ń báwọn èèyàn gba pátẹ́ǹtì. Obìnrin náà béèrè bóyá ó ti wá a rí. Tájù ní òun ti wá a, kò sí. Ọlábùnmí bi í pé kí ló tẹ̀. Nígbà tó gbọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ní kó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé orúkọ tẹ́ ẹ sọ ọ́," ni Ọlábùnmí wí. "Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe fún mi, àtohun tẹ́ ẹ fi ṣe é."

Tájù sọ ọ́: ìpẹtà, omi abẹ́ ilẹ̀, yanrìn, èédú, omi tó ń padà sẹ́yìn láti fọ yanrìn. Ọlábùnmí kọ wọ́n sílẹ̀ lédè Òyìnbó, ó sì ń wá oríṣi ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ́nì kan lè fi pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ohun tí Tájù ń pè ní ìpẹtà, ẹlòmíràn lè pè é ní irin lásán. Èyí tó kọ́kọ́ jáde nígbà tó tẹ̀ wọ́n pọ̀ bí eṣú. Ó ní àwọn ò ní ka gbogbo ẹ̀. Ó ṣí ọ̀kan tó jọ ọ́ díẹ̀, ó sì fi àmì kan hàn án lókè rẹ̀, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà. Àmì yẹn, ó ṣàlàyé, ni wọ́n fi ń kó ohun tó bá jọra jọ kárí ayé, ohun yòówù kí olúkúlùkù máa pè é. Òun ló wá tẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì péré. Èyí tó kù kò pọ̀ mọ́. Ó ní kí Tájù má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí àkọlé, kó máa wo àwòrán. Bí ọ̀kan bá sún mọ́ ti Tájù, wọ́n á wo àwọn pátẹ́ǹtì tó ṣáájú rẹ̀ tí ìwé rẹ̀ dárúkọ, wọ́n á sì tọ ìwọ̀nyẹn lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ọkùnrin kan lókè òkun ló ṣe é, kí wọ́n tó bí Ishaq. Àgbá kan náà, yanrìn kan náà, èédú kan náà. Ọlábùnmí ní ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà ti parí tipẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é báyìí, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún lè gbà á bí ohun tuntun. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò burú tán. Ṣùgbọ́n Tájù ti nawọ́ sí páìpù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá inú àwòrán náà, ó ń béèrè ohun tó wà fún. Ọlábùnmí kà á fún un: bí yanrìn bá dí, ibẹ̀ ni omi yóò gbà jáde, kí àgbá má baà bẹ́.

Tájù ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Tájù lè délé kó má dárúkọ páìpù yẹn rárá. Ó dárúkọ rẹ̀. Ishaq gbọ́ ọ tán, ó béèrè pé:

"Ṣé à bá ti rí i nígbà yẹn?"

"À bá ti rí i. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wò ó."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ sọ fún mi pé ẹ ti wò ó."

Tájù ní òun wò ó lóòótọ́. Bó ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí òun ṣe wò ó ni Ishaq dìde, ó wọlé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti kó lọ sí Eleko, ó ń ṣọ́ géètì òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan létí òkun.

Tájù jó páìpù mọ́ asẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí àwòrán ọkùnrin yẹn. Ó ṣiṣẹ́. Ilé tó ń lò ó ní Thomas Estate ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn sì ń yìn ín pé orí rẹ̀ pé. Kò kọ orúkọ kankan sára àwọn àgbá náà. Nígbà tí Iléyá sún mọ́, ó pe Ishaq pé òun ń bọ̀ wá kí i. Ishaq kí i dáadáa, ó béèrè àwọn ará ilé, ó wá ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà, ọ̀nà jìn.

Láti Ajah sí Eleko, kò jìn.