Ẹ̀kọ́ Tí Gbogbo Wa Jọ Pọ́n

"Màmá Tian, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́! Ìdámẹ́rin mi lẹ fẹ́ jẹ yẹn!"

Mu Xiuping ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ègé wàrà sóyà kan, wàrà dídì tí à ń fi ọ̀bẹ gé, sì ti wọ ẹnu mi. Kí ni kí n wá ṣe? Kí n tu ú síta? Mo gbé e mì. Gbogbo yàrá àwa tíṣà ìṣirò bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín títí àpótí tí mo jókòó lé fi ń ké. Ìdí mi kì í ṣe ìdí kékeré. Àwọn ọmọ iléèwé wa ní bí wọ́n bá pín in sí mẹ́rin, odindi kíláàsì kan á rí ìdá kan jókòó lé.

"Tíṣà Mu," mo ní, "bó o bá fẹ́ kí ohun ìkọ́ni rẹ pẹ́ nílẹ̀, má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ata."

"Ta ló gbé ata wá? Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbé e wá látilé!"

Òótọ́ ni.

Ẹ̀kọ́ là ń pọ́n. Lórí àwọn òkè Guizhou níhìn-ín, bí àlejò bá ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ láti wá wo bí ẹnì kan ṣe ń kọ́ni, kì í dá múra. Gbogbo tíṣà ìṣirò a kó ohun tí wọ́n ní jọ sórí tábìlì kan: ẹni tó ní àwòrán, ẹni tó ní ìbéèrè tó dára, ẹni tó mọ bí a ṣe ń mú ọmọ tí kò tètè gbọ́. Ẹni náà á kọ́ wa bíi pé ọmọdé ni wá, a ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú, á tún un kọ́, títí ẹ̀kọ́ náà á fi mú bí ọ̀bẹ alápatà. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé "tèmi nìyí". Mo fẹ́ràn àṣà náà ju ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi èéfín yan lọ, ẹ sì mọ̀ pé mi kì í fi ẹran ṣeré.

Xiuping ló ronú kan wàrà sóyà. Kò sí ọmọ ìlú wa tí kò tíì rí i tí wọ́n ń gé e lọ́jà. Bí ìdá kan bá kéré, ẹni tó kàn án á ké gbàjarè kí tíṣà tó lanu. Láti inú igbe yẹn ló ti ń kọ́ wọn ní ìdajì, ìdámẹ́ta, ìdámẹ́rin.

Tíṣà adelé ni, láti ìgbà tí kòtò èédú ti wó pa ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Lọ́dún yẹn, àṣẹ dé pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo adelé á lọ sílé, àfi èyí tó bá gba ipò kìíní níwájú àwọn àlejò. Ìyẹn á di tíṣà gidi. Ìdí nìyí tó fi ń wọn wàrà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gé e.

Ó ku ọjọ́ méjì kí àwọn àlejò dé ni Pu Deguang, olórí ẹ̀ka wa, mú ọmọbìnrin kan wọlé.

"Tíṣà adelé tuntun rèé, Qiao Yun. Òun ló máa kọ́ ẹ̀kọ́ ìdá lọ́jọ́ náà."

"Ẹ̀kọ́ Tíṣà Mu ńkọ́?" mo bi í.

"Màmá, ẹ̀kọ́ ta ni? Ṣebí gbogbo wa la jọ pọ́n ọn? Ẹ̀yin gan-an jẹ nínú rẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín kékeré, wọ́n sì gbójú sílẹ̀.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n alága àwọn àlejò ni ọmọ yìí," mo ní, "àbí irọ́ ni mo pa?"

"Màmá Tian, àsè ìfẹ̀yìntì yín ti sún mọ́lé. Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ láìjà."

"Deguang! Nígbà tí ikun ṣì ń yọ nímú rẹ, èmi ni mo kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀. O ò tíì mọ ti méje dòní!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa Xiuping sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbọ́ ọ: bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, wọn á wá nǹkan ṣe fún un lọ́dún tó ń bọ̀. Xiuping padà wá, ó ti ọ̀bẹ sí iwájú Qiao Yun.

"Ẹ dì í mú báyìí," ló wí. "Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á fọ́."

Deguang fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé kí gbogbo wọn máa na ọwọ́ sí gbogbo ìbéèrè: ẹni tó mọ̀ ọ́n kó na ọ̀tún, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kó na òsì. Tíṣà ò ní pe ọlọ́wọ́ òsì.

Ẹni tó bá kọjú sí kíláàsì, apá òsì rẹ̀ ni ọ̀tún wọn wà. Ẹnikẹ́ni tí eruku ṣọ́ọ̀kì bá ti wọ imú rẹ̀ pẹ́ mọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, tí àwọn àlejò ń wo Qiao Yun, ó gbàgbé ìyẹn, ló bá pe Shi Lamei, ọmọbìnrin kékeré kan tí ìyá rẹ̀ àgbà ń tọ́, tí ìdá ò tíì yé.

Lamei dìde. "Tíṣà, òsì ni mo nà o. Wọ́n ní tí mo bá na òsì, ẹ ò ní pè mí."

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín mi ò sì mọ ìwọ̀n. Gbogbo ilé dà gììrì. Ọ̀bẹ ọwọ́ Qiao Yun tẹ wàrà, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Ìgbà náà ni mo rí i pé omi ń dà lójú ọmọ náà, ẹ̀rín bá kú sí mi lẹ́nu. Xiuping dìde láti ẹ̀yìn, ó gba àárín àwọn àlejò kọjá, ó lóṣòó ti Lamei, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu ojú ọmọ náà.

Alága ṣí ìdérí ife tíì rẹ̀, ó fẹ́ ewé orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó dára," ló wí. "Ó dára gan-an."

Qiao Yun gba ipò kìíní.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Deguang pe Xiuping síwájú gbogbo wa. "Ẹ̀kọ́ náà dára, Tíṣà Qiao ló kọ́ ọ. Ọmọ tó dójú tì wá, ìwọ lo kọ́ ọ. Ìwọ náà lo sì dìde da ẹ̀kọ́ rú. Má retí ohunkóhun lọ́dún tó ń bọ̀."

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọkùnrin Deguang rí àga jókòó lé ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Qiao Yun kò tilẹ̀ lo sáà kan tán lọ́dọ̀ wa tí wọ́n fi gbé e lọ sí ìlú ńlá. Tíṣà eré ìdárayá ni wọ́n fa ìṣirò kíláàsì Lamei lé lọ́wọ́. Xiuping lọ sí Dongguan, ó ń ránṣọ níléeṣẹ́ kan.

Lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ dún nínú ẹgbẹ́ àwa tíṣà ìṣirò lórí fóònù, níbi tí a ti máa ń pín ohun ìkọ́ni fún ara wa. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n á ti máa dé ibi tí a ti ń ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá. Àwọn kan á fẹ́ ro nọ́ńbà ìsàlẹ̀ náà pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà wọ́n. Ẹ bó ọsàn fún wọn ná, kí wọ́n fọwọ́ kà á." Ó fi àwòrán ọsàn tó bó sórí aṣọ tí kò tíì rán tán tẹ̀ lé e.

Deguang kọ ọ́ síbẹ̀ pé tíṣà iléèwé wa nìkan ni àyè wà fún, ó sì yọ Xiuping kúrò.

Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni Xiuping ń fi àwọn ìmọ̀ràn ìkọ́ni rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti jẹ àsè mi, mi ò ní kíláàsì mọ́. Lánàá ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ó yé Lamei báyìí?"

Láti ojú fèrèsé mi, mo ń wo pápá iléèwé. Àkókò ìṣirò ni. Lamei àtàwọn yòókù ń gbá ewé jọ.

Mo kọ ọ́ sí i pé, "Ó yé e."

Kíá, ó tún fi ìmọ̀ràn ìkọ́ni mìíràn ránṣẹ́.