Oyún Inú Àpá

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbé Balqees ọmọ Wàsílátù jáde ni nǹkan oṣù rẹ̀ kì í ti í dá bọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá ti rò pé ó ti tán, ẹ̀jẹ̀ dúdú á tún máa kán. Ìrun ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ààwẹ̀ ń bàjẹ́. Aṣọ dúdú ló ń wọ̀ lọ síbi tó ti ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Balqees ti wọ iléèwé, kò sì tíì ní àbúrò.

Nígbà tí oyún wá dé, ẹnu Zikrullah ọkọ rẹ̀ kò pa dé mọ́. Àmọ́ ayọ̀ náà kò dọ́jọ́ alẹ́. Abẹ́ ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Wàsílátù, ẹ̀jẹ̀ yọ, ni wọ́n bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú láti lọ yẹ inú rẹ̀ wò.

Dókítà Abọ́dúnrìn, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, yí ojú ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú sí i. Ó ní ojú iṣẹ́ abẹ àtijọ́ kò jinná dáadáa, ó ti di kòtò lára ilé ọmọ. Inú kòtò yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń dúró sí lóṣooṣù. Ibẹ̀ náà ni oyún lọ lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Bó bá dàgbà díẹ̀ sí i, yóò bẹ́, ó sì lè gbé ìyá lọ.

"Ṣé ó wà láàyè?" Wàsílátù bi í.

"Ọkàn rẹ̀ ń lù," ni dókítà wí.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ẹ̀pẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé Ọlọ́run tó fi í síbẹ̀ mọ ọ̀nà tí yóò gbà mú un jáde. Zikrullah lọ bá àlùfáà mọ́ṣáláṣí wọn. Ìyẹn ní ẹ̀mí ìyá ló ṣáájú. Síbẹ̀, Zikrullah dé ilé, kò lè sọ ọ́ síta. Wàsílátù wá rí i pé òun ni gbogbo wọn ń wò.

Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ọmọ tó wà nílẹ̀ ni mo fẹ́ dúró tọ́."

Ìyá náà fi gèlè bojú.

Nígbà tí wọ́n padà sí Ìkòròdú, wọn ò la ikùn rẹ̀ gbàràgàdà bíi ti àkọ́kọ́. Ihò kéékèèké ni wọ́n lu, wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ̀ ọ́, wọ́n yọ oyún náà, wọ́n gé àpá burúkú yẹn kúrò, wọ́n sì rán ilé ọmọ pa dà. Kò pẹ́ tó fi ń rìn. Gbogbo ẹni tó wá wò ó ló ń kí i kú ewu. Kò sẹ́ni tó kí i kú àdánù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, dókítà ní tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n tún lè gbìyànjú, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí. Zikrullah dúpẹ́, ó gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Bàbá Balqees," ni Wàsílátù wí nínú ọkọ̀, "mi ò mọ̀ bóyá mo tún lè ṣe é."

Zikrullah ń wo ojú ọ̀nà. Títí wọ́n fi kọjá ibi tí ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ ti yà, báàgì ìyàwó rẹ̀ ló gbá mọ́ra.