Òwú Inú Ìlédìí

Oṣù ọmọ náà kò pé tí wọ́n fi bí i, ó sì kéré débi pé bàbá rẹ̀ lè fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbé e. Ọ̀gá Kékeré ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é, torí bí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí rẹ̀ bá ti dún, gbogbo wọn á sáré.

Oògùn ìrora tí wọ́n ń fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un ló ń já ìyá rẹ̀ láyà. Bí wọ́n bá fún un, ọmọ á sùn títí á fẹ́ gbàgbé láti mí. Bí wọ́n bá dá a dúró, ojú rẹ̀ á rún, á máa gbọ̀n.

Dókítà obìnrin tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà wá bá a.

"Mọ́mì, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó yẹ kó máa fọ oògùn kúrò lára ṣì ń kọ́ṣẹ́. A fẹ́ mọ bí oògùn ṣe ń pẹ́ tó lára rẹ̀, ká lè mọ ìgbà tó yẹ ká tún fún un."

"Ṣé ẹ tún fẹ́ gún un ni?"

"Rárá o. Òwú la máa tẹ́ sínú ìlédìí rẹ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ la fẹ́ yẹ̀ wò."

Ìyá ọmọ gbà, wọ́n sì tẹ́ òwú náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà padà dé, kò bá òwú kankan.

"Mo ti sọ ọ́ nù," ni ìyá àgbà wí, ẹni tí ìdọ̀tí kì í bá a gbélé. "Ó ti tutù rinrin. Ṣé kí ọmọ ọmọ mi máa sùn nínú ìtọ̀ ni?"

"Màmá, iṣẹ́ mi lẹ sọ nù yẹn."

"Ìtọ̀ niṣẹ́ yín?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín sínú ìbòmú rẹ̀. Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí ẹ̀rọ fi dún. Ọmọ ò mí. Nọ́ọ̀sì fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀ títí ó fi mí kanlẹ̀.

Ìyá ọmọ yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dọ̀tí díẹ̀."

Nígbà tí wọ́n tẹ́ òwú tuntun, ìyá àgbà fàga ti àpótí gíláàsì tí ọmọ wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ wúrà. Nígbà tó yá, ó pe nọ́ọ̀sì.

"Ẹ máa bọ̀. Ó ti tọ̀, ó sì tọ̀ dáadáa."

Àyẹ̀wò fi hàn pé oògùn náà ń pẹ́ lára ọmọ ju bí wọ́n ti rò lọ. Wọ́n ń fún un ní òmíràn kí ti àkọ́kọ́ tó jáde tán. Dókítà ní kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n sì jẹ́ kó jìnnà síra.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ ò dún. Ọmọ lajú, ó ń wò yíká, ó tiẹ̀ yán.

"Kò dùn ún?" ni ìyá rẹ̀ bi dókítà.

"Ẹ wo iwájú orí rẹ̀. Kò rún rárá."

Ìyá ọmọ wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló fẹ̀yìn ti àga, ó sì sùn lọ.