Apá Gígùn Ìyá Freha

Makhluf Dadon na ara jáde lójú fèrèsé Ìyá Freha Elmaliah ní àjà karùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kẹ̀kẹ́ okùn ìsáṣọ ibẹ̀. Hánúkà, àjọ̀dún fìtílà ọlọ́jọ́ mẹ́jọ àwọn Júù, ku ọ̀la. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ Makhluf, aládùúgbò ìyá nísàlẹ̀, níṣẹ́ rí. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tó bàjẹ́ ló kọ́ ọ, nítorí ó máa ń tú wọn palẹ̀, á jókòó tì wọ́n, á máa wò wọ́n títí wọ́n á fi jẹ́wọ́. Ó kán òróró sí ihò kẹ̀kẹ́ náà, ó fọwọ́ yí i, ó gbọ́ pé kò ké mọ́, inú rẹ̀ dùn.

Láti ìgbà Àjọ Àgọ́, bí oṣù méjì sẹ́yìn, ni lífítì ilé náà ti kú. Makhluf mọ ohun tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n òfin ò gbà kí ẹni tí kò níwèé àṣẹ fọwọ́ kàn án, ìgbìmọ̀ ilé sì ṣì ń ṣèpàdé lórí ẹni tí wọ́n máa pè. Àádọ́rùn-ún àtẹ̀gùn ló wà láti ẹnu ọ̀nà Ìyá Freha dé ìta, eékún rẹ̀ ò sì gba mẹ́wàá mọ́. Àna rẹ̀ ní òun á pọ̀n ọ́n. Ìyá ní òun kì í ṣe tìmùtìmù. Bẹ́ẹ̀, ogójì ọdún ló ti ń tan fìtílà Hánúkà lẹ́bàá ọ̀nà, nínú àpótí onígíláàsì, níbi tí àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì á ti rí i.

Gedalya Rotman, alága ìgbìmọ̀, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó kọ ẹ̀kọ́ ìrètí mẹ́jọ, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì lẹ àkọ́kọ́ mọ́ ilẹ̀kùn lífítì tó kú náà: "Iná kékeré a máa lé òkùnkùn púpọ̀ lọ." Ó tún gbé ọ̀pá fìtílà oníná mànàmáná kan, tó ga ju ọkùnrin méjì lọ, sórí òrùlé. Nígbà tí Ìyá Freha ní òun á kúkú tan tòun lójú fèrèsé, alága gòkè wá fúnra rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, ó ní àwọn àgbà ti sọ ọ́ láyé ọjọ́un pé fìtílà tó bá ga ju ogún ìgbọ̀nwọ́ lọ, ojú ará ọ̀nà ò tó o, kò jámọ́ nǹkan. Ìyá bi í pé tí orí òrùlé ńkọ́. Alága ní ti ìṣírí nìyẹn.

"Makhluf ọmọ mi," ni ìyá wí, "fìtílà tí ẹnikẹ́ni ò rí, kí ló fi sàn ju èyí tí mo fi ń wá abẹ́rẹ́?"

Ohun tó gbé Makhluf dé ojú fèrèsé nìyẹn. Ó so àpótí gíláàsì mọ́ okùn, ó fi irin sí ìdí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má fi í gbá bọ́ọ̀lù, ó tan òwú kan láti fi dán an wò, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó lọ geere. Nígbà tó dúró, kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá lọ láti ilẹ̀, iná rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Rábì Shimon tó ń darí sínágọ́gù ìsàlẹ̀ ilé ń kọjá lọ pẹ̀lú àpò ànàmọ́. Ó dúró, ó wò ó pẹ́, àánú sì ṣe é.

"Ó dára o, Makhluf. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá tàn án sí ló gbọ́dọ̀ wà. O ò lè tàn án lókè kí o wá fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀ bí lẹ́tà."

Alága Rotman, tó ń gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé, ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ìyá fi sùúrù gba kámú, ẹ̀kọ́ kẹta dá lórí ìyẹn gan-an.

"Alága, ẹ fún lífítì ní ẹ̀kọ́ kẹta yẹn jẹ," ni Makhluf wí látòkè. "Bóyá á lókun dìde."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ bá Rábì. Ó bi í pé tí àpótí bá ti wà nísàlẹ̀ kí wọ́n tó tàn án, tó jẹ́ pé iná ló ti ọwọ́ ìyá lọ bá a níbẹ̀ ńkọ́? Rábì fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ó ronú títí tíì rẹ̀ fi tutù.

"Òfin ò sọ bí apá ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó," ni ó wí níkẹyìn.

Nítorí náà, apá ni Makhluf jókòó ṣe. Ó de kẹ̀kẹ́ kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní, èyí tó máa gbé iná sọ̀ kalẹ̀. Ó dá agolo mílíìkì lu ní ihò wẹ́wẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé láìpa iná, ó gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ó sì de àbẹ́là sínú rẹ̀ ní ìdagun, kí ahọ́n iná lè yọ síta kan òwú. Ó fi okùn tín-ínrín méjì fa àpótí náà mọ́ irin fáráǹdà ìsàlẹ̀ kó má fì. Ìdérí àpótí ló pẹ́ lórí rẹ̀ jù: tí agolo bá bà lé e, ìwúwo rẹ̀ á ṣí i, tí agolo bá gòkè, á padà dé.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, Rotman dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó ń ka ẹ̀kọ́ kìíní sétí àwọn aládùúgbò. Lókè, Ìyá Freha súre, ó sì dẹ okùn. Makhluf ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, nítorí ọwọ́ ìyá nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Agolo sọ̀ kalẹ̀, ìdérí ṣí, àmọ́ iná tàsé òwú díẹ̀.

"Ẹ fà á díẹ̀, Ìyá. Ó tó. Ẹ dẹ̀ ẹ́."

Ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n, ìgbọ̀n yẹn gan-an ló sì sún iná kan òwú. Ó mú. Agolo gòkè, ìdérí dé, fìtílà kan sì dúró ṣinṣin lójú afẹ́fẹ́. Bọ́ọ̀sì dúró níbùdókọ̀, awakọ̀ gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ìrètí kẹ̀yìn sí olùkọ́ wọn, wọ́n gbójú sókè. Ìyá Freha rí ojú wọn látòkè, ó sì kà wọ́n: mẹ́tàdínlógún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohun méjì dé ọwọ́ Makhluf. Àkọ́kọ́ ni sfẹ́ńjì, àkàrà ìyẹ̀fun gbígbóná tí ìyá dín, tó fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sójú fèrèsé rẹ̀. Èkejì ni ìwé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀: wọ́n ní ó so ẹrù mọ́ ara ilé láìgbàṣẹ, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ mẹ́jọ láti tú u.

Makhluf ka ọjọ́ mẹ́jọ náà lórí ìka. Ó rí i pé ó tó fún Hánúkà, ó sì jókòó jẹ sfẹ́ńjì rẹ̀.