Ìdẹ Tí Bàbá Kò So Parí

Kò ṣòro láti dá iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá mọ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Nígbà tí gbogbo ẹni tí ń so ìdẹ onírun tí a fi ń pẹja bá ń yí òwú lọ síwájú, kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, tirẹ̀ ni ó ń yí bọ̀ wá sí àyà, bí ẹni tí ń fa nǹkan mọ́ra. Abẹ́rẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀, tí wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń gún ni, lè ṣa ti Bàbá jáde láàárín ọgọ́rùn-ún ìdẹ, kí ó má sì ṣì í.

Ìdẹ tí wọ́n ń so nínú yàrá iṣẹ́ Bàbá kì í ṣe ti ẹja wẹ́wẹ́. Ti ẹja ẹlẹ́nu-gígùn ni, òǹrorò tí ń fi ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe oúnjẹ nínú adágún ìsàlẹ̀ òpópónà, tí eyín ẹnu rẹ̀ tò bí eyín ayùn. Ìdẹ rẹ̀ gùn tó àtẹ́lẹwọ́ géńdé: irun ìrù àgbọ̀nrín, ìyẹ́ àkùkọ, fọ́nrán tí ń dán bí ìpẹ́, àti ojú dígí méjì tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bí a bá fà á nínú omi, irun náà a máa wú, a sì máa sọ̀, bí ohun tí ń mí.

Inú adágún náà ni Bàbá kú sí. Ó ti bẹ Jẹ́jẹ́, ọmọkùnrin rẹ̀, pé kí ó bá òun wọkọ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ kọ̀, nítorí pé ìjà wà láàárín wọn lórí ẹ̀gún ìwọ̀, ìyẹn ṣóńṣó kékeré tí ó kọjú sẹ́yìn lẹ́nu ìwọ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹja bọ́. Jẹ́jẹ́ a máa fi píláyà tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí ó lè tú ẹja sílẹ̀ láìfa ẹnu rẹ̀ ya. Inú a sì máa bí Bàbá.

"Èyí tí ìwọ̀ mi bá ti kọ́, tèmi ni," ni ó máa ń wí. "Èmi kì í dá a padà."

Bàbá nìkan ni ó lọ. Ọkọ̀ nìkan ni ó dé. Nígbà tí adágún yọ̀ǹda òkú rẹ̀, wọ́n sin ín.

Ó fi ìdẹ kan sílẹ̀ lórí ẹ̀mú, irin tí a dè mọ́ etí tábìlì láti máa di ìwọ̀ mú. Ó ti so ìrù àti ara. Ó ku orí, ó ku ojú. Kò sí oníṣẹ́ yìí tí kò mọ òfin rẹ̀: iṣẹ́ tí òkú bá fi sílẹ̀ lórí ẹ̀mú, títú ni à ń tú u, a kì í bá a parí rẹ̀. Ìyá Ọlọ́kọ̀, àbúrò Bàbá, tí ń fi ọkọ̀ ojú omi háyà fún àwọn apẹja, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù létí Abẹ́rẹ́.

"Ṣé o ti tú u?"

"Màá tú u, Ìyá."

"'Màá tú u' kọ́ ni mo bi ọ́. Ẹnu rẹ yá ju ọwọ́ rẹ lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an kì í pariwo tó ọ, aṣọ a sì jáde lára rẹ̀."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sinmi ná."

"Òkú ni ó ń sinmi. Tú u!"

Abẹ́rẹ́ kò tú u. Irun náà tò rẹ́gírẹ́gí tó bẹ́ẹ̀ tí títú rẹ̀ fi dà bí ìgbà tí a bá tún Bàbá sin lẹ́ẹ̀kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó jókòó, ó yí òwú tirẹ̀ lé ti Bàbá, ó so orí, ó lẹ ojú mọ́ ọn. Ọwọ́ kan kò so irú rẹ̀ rí nínú ilé náà.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó bá a tí ó rin gbingbin fún omi. Ó wo òkè àjà. Òrùlé kò jò. Ó yí ẹ̀mú náà kọjú sí ògiri. Nígbà tí yóò fi padà dé, ìdẹ ti kọjú sí fèrèsé, níbi tí adágún ti ń dán lókèèrè. Ó ní bóyá ìdè ẹ̀mú ni ó dẹ̀. Ènìyàn kì í ṣaláìrí àlàyé ṣe.

Ti Jẹ́jẹ́ ni Abẹ́rẹ́ kò rí àlàyé ṣe sí. Láti ìgbà ìsìnkú, kò fi ẹsẹ̀ kan yàrá iṣẹ́. Wàyí o, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. A wọlé láìkí ènìyàn, a rìn tààrà sí ìdí tábìlì, a sì dúró gbagidi ní ìwọ̀n apá kan sí ìdẹ náà. Ara rẹ̀ kò ní mì. Ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò máa rọra fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Bí Abẹ́rẹ́ bá gbé ìdẹ náà sún, òun náà yóò sún, ìwọ̀n apá kan náà.

"Kí ni o ń wò bẹ́ẹ̀? Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n wò ó. Ó jọ ohun tí mo ti sọ nù rí."

"Lọ jẹun, o jàre."

"Ebi oúnjẹ kọ́ ni ó ń pa mí."

Ẹ̀rín kú mọ́ Abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ti rí irú ìdúró yẹn. Létí adágún ni, nígbà tí wọ́n wà ní kékeré: ẹja ńlá tẹ̀ lé ìdẹ bọ̀, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, lẹbẹ rẹ̀ nìkan ni ó ń fì. Bàbá sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí pé, "Má mí. Ó ń rò ó wò ni."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bí ó ti ń wá ọ̀bẹ tí yóò fi tú u, fóònù dún. Ìyá Ọlọ́kọ̀ ni.

"Abẹ́rẹ́! Àbúrò rẹ mà rèé nínú omi!"

"Ó ń pẹja ni?"

"Ẹja wo? Kò mú ọ̀pá, kò mú okùn. Ó kàn ń wọ́ lọ ni, omi ti mù ún dé orúnkún. Mo pè é, pè é, kò wẹ̀yìn. Ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń pa dé." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ lójijì. "Ọmọ yìí, o kò tú u."

Abẹ́rẹ́ rí ọ̀bẹ náà, ó mú un.

"Yéè! Tú u nísinsìnyí! Mo ń lọ gbé ọkọ̀."

Ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì láìpa á. Irun ìdẹ náà ń wú, ó ń sọ̀, nínú yàrá tí atẹ́gùn kan kò sí. Abẹ́rẹ́ gé òwú tí òun fúnra rẹ̀ so. Òwú náà tú wẹ́rẹ́, ojú dígí méjèèjì sì já bọ́ sílẹ̀. Ó wá kan ti Bàbá. Ọwọ́ òsì, tí kò mọ́ ọn lára, ni ó fi ń tú u. Lábẹ́ irun, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé, ó kan òwú pupa kan. Kì í ṣe òwú ìdẹ. Òwú fìlà ni, fìlà tí Jẹ́jẹ́ ń dé ní kékeré, tí ó sunkún fún títí nígbà tí ó sọnù.

"A kì í so ìdẹ fún ojú apẹja," ni Bàbá máa ń kọ́ wọn. "Ohun tí ẹni tí yóò gbé e mì bá fẹ́ràn ni kí ẹ fi so ó."

Bàbá kò fi ìkà so ó. Ìyẹn dá Abẹ́rẹ́ lójú. Àárò ọmọ ni ó ń sọ ọ́, ó ń wá ohun tí yóò tún fi fa Jẹ́jẹ́ wọkọ̀. Ṣùgbọ́n alààyè a máa fa nǹkan, a sì mọ ibi tí yóò dé dúró. Òkú kò mọ̀ ọ́n.

"Ó ti dé àyà rẹ̀!" Ohùn Ìyá Ọlọ́kọ̀ ń já láti inú fóònù. "Mi ò tíì bá a o!"

Òwú tí ó kù ti le pẹ̀lú gọ́ọ̀mù bí eegun. Èékánná Abẹ́rẹ́ kán sí i lára. Ìwọ̀ náà gbọ̀n gìrì nínú ẹ̀mú, tábìlì sì fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ lọ sí ọ̀nà fèrèsé. Kò ní lè tú u tán.

Ibẹ̀ ni ó ti rí píláyà Jẹ́jẹ́, tí ó ti ń rọ̀ lára ìṣó láti ọjọ́ ìjà. Ó já a gbà, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ ẹnu ìwọ̀, ó sì tẹ ẹ̀gún náà. Kò tẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí. "Ẹ dá a padà."

Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gún náà dún bí eegun ẹja tí ó ṣẹ́, ó sì sùn pẹlẹbẹ. Ìwọ̀ náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbọ̀n, ó wá dákẹ́. Láti inú fóònù, ó gbọ́ àjẹ̀ tí ń lu omi, ó gbọ́ ikọ́, ó sì gbọ́ Ìyá Ọlọ́kọ̀ tí ń bú Jẹ́jẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀: ọ̀dọ̀yọ̀, orí ẹran, ọmọ tí kò fẹ́ kí àgbà jẹun ọ̀sán. Èébú kò dùn mọ́ Abẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n mú un délé, ó ń gbọ̀n nínú tapólì tí a fi ń bo ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "ẹnu ń dùn mí."

Abẹ́rẹ́ mú un lọ sí ẹnu fèrèsé, ó sì gbé ètè rẹ̀ sókè. Ihò kékeré kan wà ní igun ẹnu rẹ̀, ó lu já síta. Kò fàya. Etí ihò náà mọ́ nigínnigín, bí ihò tí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ lẹ́nu ẹja, kí ó tó dá wọn padà sínú omi.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ wò ó. Ó jókòó sí ìdí ẹ̀mú, òun àti Abẹ́rẹ́ sì tú èyí tí ó kù, títí ìwọ̀ fi wà ní ìhòòhò. Wọ́n ju òwú pupa náà sínú iná ààrò.

Jẹ́jẹ́ dìde, ó tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Ó dúró gbagidi ní ìwọ̀n apá kan sí iná náà, ìka ọwọ́ rẹ̀ ń rọra fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, títí òwú náà fi di eérú.