Àlàfo Tí Kò Ju Èékánná Lọ

Baba Koríko kò bá wa jà, ìyẹn gan-an ló sì burú jù. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó gbé bàtà kan sórí tábìlì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo ohun tí katakata yín fẹ́ fi mí ṣe." Imú bàtà náà ti gé kúrò, ó gé féú bí ìgbà téèyàn fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ.

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, Baba?" ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé bàtà tó tóbi jù mí lọ ni wọ́n fún mi níléèwé. Ìka mi ò dé imú ẹ̀. Mo ti pa súìṣì abẹ, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí n fẹsẹ̀ ti igi tó há sábẹ́ ẹ̀. Ṣé mo mọ̀ pé abẹ ṣì ń yí ni?"

Òun ló ń gé koríko ọgbà iléèwé tó wà nítòsí wa, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí a ti ń bá a tún katakata kékeré tó fi ń gé e ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé e wá gbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi ló sì tún kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣe.

Kílọ́ọ̀ṣì yìí ló ń gba agbára lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì fún abẹ. Irin pẹlẹbẹ méjì ló dojú kọra. Téèyàn bá tan súìṣì, iná bátìrì á fa ọ̀kan mọ́ èkejì, á dún "kà", abẹ á máa yí. Téèyàn bá pa á, wọ́n á tú ká, abẹ á dúró. Àlàfo àárín wọn kò ju èékánná lọ, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló sì ń darí ẹ̀. Tó bá fẹ̀ jù, abẹ ò ní yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Tó bá fún jù, irin méjèèjì á máa ha ara wọn, abẹ ò sì ní gbọ́ pé wọ́n ti ní kó dúró.

Géèjì la fi ń wọn àlàfo náà, irin tín-ín-rín bíi bébà. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń kì í bọ àárín irin méjèèjì, á dijú, á máa fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e fà á díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń de nọ́ọ̀tì. Tó bá yá, á ní, "Ó ti dì í mú bó ṣe yẹ." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ èmi náà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Ọwọ́ yẹn ló bọ́ mi, òun ló rán mi níléèwé, òun náà ló kọ́ ilé tí mò ń sùn. Àmọ́ àtọ̀gbẹ ti wọ inú ìka yẹn. Lọ́jọ́ kan, ó di páìpù èéfín gbígbóná mú, ó ń bá mi ṣàwàdà lọ, èmi sì ń gbóòórùn awọ tó ń jóná. Nígbà tí mo pariwo, ó wo ọwọ́ ẹ̀, ó ní awọ òun ló yi.

Láti ọjọ́ yẹn, oṣù mẹ́jọ gbáko, kò sí kílọ́ọ̀ṣì tó tún ṣe tí mi ò tún tún ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá ti lọ jẹun ọ̀sán báyìí, màá tú nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, màá mú géèjì, màá ṣe é bó ṣe kọ́ mi. Tó bá dé, á dán an wò, á fẹyín. "Ṣó o rí i? Ọwọ́ yìí ò tàsé rí." Èmi náà á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi." Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Ti Baba Koríko nìkan ni mi ò tún ṣe: lọ́jọ́ tó gbé e wá, eyín ń dùn mí, mo tètè lọ sílé.

"Baba," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án lẹ́yìn tó kúrò níbí. Àbí súìṣì yẹn ni ẹ ò pa délẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ má fi ètè sílẹ̀ máa pa làpálàpá. Súìṣì ò ṣe nǹkan kan. Èmi nìkan ni mo sì ní kọ́kọ́rọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi mú sípánà, ó lóṣòó ti katakata tí Baba wà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kì géèjì bọ̀ ọ́, ó dijú. Ó de nọ́ọ̀tì kìíní, ó de ìkejì. Níbi ìkẹta, géèjì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó já sórí àkísà, kò dún. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀. Ìka méjèèjì ṣì ń fa nǹkan tí kò sí níbẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń fà á.

"Ẹn-ẹn," ló wí, "ó ti dì í mú bó ṣe yẹ."

Baba Koríko rí i. Ó wò mí, ó wolẹ̀. Mo lè dákẹ́, ó ti mọ́ mi lára. Àmọ́ bàtà yẹn wà lórí tábìlì, omi sì ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lajú."

Ó lajú. Ó wo ìka ẹ̀, ó wo géèjì lórí àkísà. "Ìsinsìnyí ló bọ́," ló wí.

"Kì í ṣe ìsinsìnyí. Èmi ni mò ń tún un ṣe lẹ́yìn yín. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Katakata ti dókítà yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Èyí tí mo ní kó o wá wò, pé bí àlàfo ṣe ń dọ́gba nídìí nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú."

"O wá jẹ́ kí n máa yangàn," ló wí. Ì bá bú mi, ì bá tù mí lára. Ẹkún gbọ̀n mí. Ká ní mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ páìpù yẹn ni, bàtà arúgbó tí kò ṣẹ̀ mí ò ní gé.

Ó na sípánà sí mi, ó dìde. Mo lóṣòó síbi tó lóṣòó sí. Mo tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tún wọn dè níkọ̀ọ̀kan, géèjì ń há mi lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Baba Koríko ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, mo tan súìṣì. Kà. Abẹ yí. Mo pa á, abẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

Mo yíjú kí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé, "Ẹn-ẹn, o ṣe é," bó ṣe máa ń sọ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ti wà nídìí bàsíà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ẹ̀ dé ìgúnpá, bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́ tó bá fẹ́ ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù.