Kí Lẹ Rí sí Fíìmù Náà?

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé sinimá, ó na máìkì sí obìnrin kan tó lo awò ojú lẹ́nu bí ìgbà tí èèyàn ń na ṣíbí oògùn sí ọmọdé. Obìnrin náà fà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó wá bú sọ́rọ̀.

"Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó fi ìbọn lé àwọn ẹlòmíì kúrò nílé wọn, tó wá lọ ra ọgbà òdòdó síbì kan, òun la ní ká máa káàánú? Ta ló káàánú àwọn yẹn?"

"Ẹ ṣeun gan-an, mà," ni obìnrin tó mú máìkì dáhùn, ó sì yíjú sí ẹni tó kàn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyí. Ẹ̀yìn fèrèsé kékeré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni ibùjókòó rẹ̀, níbi tí kì í ti í rí ju ọwọ́ àti bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọn èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó máa ń gba èrò àwọn òǹwòran sílẹ̀ fún ilé sinimá náà ti pè láàárọ̀ pé ara òun ò yá, ọ̀gá sì ti gbé máìkì lé e lọ́wọ́. "Ìwọ lẹnu ẹ dùn jù níbí," ni ọ̀gá wí. "Sáà máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí sí fíìmù náà, kó o sì máa rẹ́rìn-ín." Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà, ó dúró sẹ́yìn ikùn ara rẹ̀ bí ẹni fara pamọ́ sẹ́yìn odi.

Kò tíì wo fíìmù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kì í sanwó. Àmọ́ kò sí èyí tí kò mọ̀ níbẹ̀, torí pé àwọn èèyàn ti sọ ọ́ tán sí i létí: ògbólógbòó jàǹdùkú kan jáwọ́ nínú iṣẹ́ ibi, ó sá lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ó ń gbin òdòdó tà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wá a títí wọ́n fi rí i, wọ́n dáná sun ọgbà náà, ó sì kú síbi tó ti ń gbé garawa omi sáré bọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó wọlé lọ wò ó kò ju pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà nílé rẹ̀, ó ń sùn lórí àga gígùn ní pálọ̀.

Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí pé kò sí igi tí kò lè gùn, kò sì sí ògiri tí kò lè fò. Nígbà tó yá, àwọn kan rí i pé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ òru. Ẹ̀wọ̀n ló ti ń bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ò sọ pé kó má gbà á sílé. Ó kàn ra kọ́kọ́rọ́ tuntun sí yàrá àwọn méjèèjì, kò sì sọ ìdí tó fi rà á. Níbi iṣẹ́, obìnrin náà ti sọ fún wọn tipẹ́ pé òun nìkan ni ìyá òun bí.

Ọmọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló kàn. Ọmọkùnrin náà ní fíìmù náà dára, kò burú. Ọmọbìnrin náà já máìkì gbà. "Ẹ má dá a lóhùn o! Ó sunkún. Ó fi ọwọ́ mi nu ojú!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ọmọkùnrin náà sì ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn wọn ni bàbá àgbàlagbà kan tó dé fìlà jáde wá, ó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Wọn ò tíì bi í tó fi dáhùn. "Ẹ gbọ́, ọmọ mi. Ẹni bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Àwọn tó ṣe fíìmù yẹn gbọ́n. Wọ́n pa á! Ibi tó yẹ kó parí sí náà nìyẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún bàbá. Kámẹ́rà yí sọ́dọ̀ obìnrin tó mú máìkì, òun náà sì rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ní kó máa ṣe. Ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu náà ò tíì padé tó fi rí i lẹ́yìn èjìká bàbá: ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ tó ti ṣá, èyí tó tóbi jù fún ẹni tó wọ̀ ọ́, àti ojú àbúrò rẹ̀ lókè ẹ̀wù náà.

Ó ti bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó dé pé, "Ibi iṣẹ́ mi, jọ̀ọ́, má wá síbẹ̀." Kò wá síbẹ̀ lóòótọ́, títí di òní.

"Bi ìyẹn!" Ọ̀gá ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Bi ìyẹn, ojú ẹ̀ dáa fún kámẹ́rà."

Apá rẹ̀ gbé máìkì sókè fúnra rẹ̀. "Ẹ káàsán, sà." Ó tún máìkì náà dì mú. "Kí... kí lẹ rí sí fíìmù náà?"

Àbúrò rẹ̀ wò ó. Kò bínú. Ó kàn ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ẹni tó di ilẹ̀kùn mú fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí kò sẹ́ni tó wọlé, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà," ló wí. "Fíìmù náà dùn. Irọ́ ni wọ́n pa, àmọ́ ó dùn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "Irọ́ wo?" ni ọ̀gá bi í láti ẹ̀yìn kámẹ́rà.

"Wọ́n ní àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbé ìbọn, wọ́n ń wá a kiri. Kò sẹ́ni tó ń wá ẹnikẹ́ni kiri. Béèyàn bá ti jáde, ó ti jáde nìyẹn. Á kàn máa jókòó síbi tí wọ́n fi í sí. Wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọn ò ní bú u. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ pálọ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ á dákẹ́. Ìyàwó ilé á gbé báàgì ara ẹ̀ kúrò lórí àga, á ní òun fẹ́ gbálẹ̀ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Lọ́jọ́ kan, ẹni àtijọ́ kan á rí i lójú títì, á pariwo orúkọ ẹ̀, á dì mọ́ ọn. Kò ní mú ìbọn dání. Inú ẹ̀ á sáà dùn pé òun rí i. Ìyẹn ló yẹ kí wọ́n fi hàn. Ìyẹn ló ń pa èèyàn."

Bàbá onífìlà wúkọ́. Àbúrò rẹ̀ tẹ orí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ kú iṣẹ́," ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde.

"Áà! Ẹ ò gbọ́ bí ọkùnrin yẹn ṣe sọ̀rọ̀!" Ọ̀gá ti gbé kámẹ́rà sílẹ̀. "Èyí la máa gbé síwájú pátápátá. Ta ni? Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Rárá," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Òun ò tilẹ̀ júwe ilé náà. Ohun tóun sọ ni pé kò sí ilé níbẹ̀. Ó sì rí báàgì náà, báàgì aláwọ tirẹ̀ gan-an, bó ṣe gbé e kúrò lórí àga níjọ́ yẹn, tó mú ìgbálẹ̀, tó ń gbá ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní.

Ó ti máìkì mọ́ ọ̀gá láyà. "Ọ̀gá, àbúrò mi ni. Ọmọ ìyá mi."

"Àbúrò ẹ kẹ̀? Ṣebí o ní ìwọ nìkan ni ìyá ẹ bí..."

Ó ti jáde.

Oòrùn gbá a lójú. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, kó tó gbọ́ ohùn kan tó ń pariwo lódìkejì títì: "Ọ̀kẹ́rẹ́! Ọ̀kẹ́rẹ́, ìwọ rèé! O tún wà láyé!" Ọkùnrin kan ti fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sáàárín ọ̀nà, ó ti dì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń gbé e yí po. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè. Àbúrò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó gbòòrò ni, tó fi gbogbo eyín hàn. Kò rí irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tó ti padà dé.

Ó mọ ọkùnrin náà. Òun lẹni tọ́wọ́ ọlọ́pàá ò tẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ tọ́wọ́ tẹ àwọn yòókù.

Nígbà tó fi kọjá títì, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn tútù ń jáde níbẹ̀. "Áà, Àǹtí wa!" Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, òórùn dídùn ń tú lára rẹ̀. "Ẹ káàsán o, mà. Ẹ ò dàgbà rárá! Mo ní kó jẹ́ ká lọ jẹun ni. Oúnjẹ lásán ni o."

Kò sí irọ́ lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ni. Ìyẹn gan-an ló ba obìnrin náà lẹ́rù jù.

Àbúrò rẹ̀ fọwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ mí, mà?" ló bi í, jẹ́jẹ́.

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti tò jọ nígbà tó ń kọjá títì fọ́n ká. Kò lè ṣèlérí lórúkọ ọkọ rẹ̀. Kò lè ṣèlérí lórúkọ ara rẹ̀ pàápàá.

"Mo mọ̀ ẹ́," ló wí. "Mo gbé báàgì yẹn kúrò lóòótọ́. Mi ò lè búra pé mi ò ní gbé e kúrò mọ́. Àmọ́ jẹ́ ká lọ sílé."

"Báàgì wo?" ni ọ̀rẹ́ àtijọ́ ń béèrè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ẹni kìíní, ó ń wo ẹni kejì. Obìnrin náà na ọwọ́, ó di apá àbúrò rẹ̀ mú. Àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè, àbúrò rẹ̀ sì rọra ti ilẹ̀kùn náà padà.

"Kò burú," ni ọkùnrin náà wí, kò sì bínú. "Ọ̀kẹ́rẹ́, nọ́ńbà mi ò yí padà o."

Àbúrò rẹ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀. "Mi ò mọ ti ọ̀la o, Àǹtí mi."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Obìnrin náà kò jọ̀wọ́ apá náà. Lábẹ́ ẹ̀wù tó tóbi jù yẹn, ó ń fi ìka kan àpá gígùn kan tí kò mọ̀ sí i lára rí, ó le, ó sì dán. Ó ti ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ti ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ti ń ká aṣọ ìbora rẹ̀ láràárọ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé látọjọ́ tí àbúrò òun ti padà dé, òun ò tíì fọwọ́ kàn án.